Kókó Ọrùn Onígbàjámọ̀

Ìyá Eku ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í bínú sí i. Obìnrin tó ti ń tọ́jú eku láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà lẹ́yìn, tó mọ èyí tó lóyún àti èyí tí ara rẹ̀ ò yá kó tó dé ìdí àgò wọn, kí ni wọn ì bá tún máa pè é? Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Á ní, "Gbogbo ayé ló ń ra pakúté, ìyàwó tèmi nìkan ló ń gba owó oṣù kí eku má bàa kú."

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá kan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé gbọọrọ kan tí kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn méjì ni èèyàn máa gbà kó tó wọlé, àárín méjèèjì ni yóò sì ti wọ kóòtù, ìbọ̀wọ́ àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo bàtà. Bí ilẹ̀kùn kejì bá ti ṣí, òórùn èérún pákó àti ti ìtọ̀ eku ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Àwọn àgò oníke ni wọ́n tò léra wọn láti ilẹ̀ dé òkè, eku funfun sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń họ ike wìrìwìrì bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé.

Àwọn eku yìí kì í ṣe eku lásán. Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ ìwádìí náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sórí tábìlì, ti jókòó lọ́jọ́ kan tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní ara èèyàn ní ọmọ ogun. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, àti inú àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lọ́rùn, lábíyá àti ní ìdí itan. Bí ìlú bá tòrò, wọn á jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, kíá ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà purotéènì jọ, torí òun ni wọ́n fi ń tóbi, òun ni wọ́n fi ń di púpọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà.

"Iṣẹ́ tó bá yá tó báyẹn gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dá a dúró," ni ọ̀gá wí. "Búréèkì wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Òun ló ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, ogun ti tán, má ṣe purotéènì mọ́. Bí búréèkì yẹn bá já, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe é lọ ràì, á máa tóbi, á máa bí sí i, títí kókó á fi wú. Irú jẹjẹrẹ kan máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Eku béèrè pé, "Ṣé gbogbo kókó tó bá ti wú náà ni jẹjẹrẹ, ọ̀gá?"

"Rárá o. Bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́, kókó ọrùn rẹ á wú, á tún lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò lọ, tí kì í dunni, tó sì ń le sí i, òun ni kí èèyàn sáré gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Àwọn eku tí wọ́n ti yọ búréèkì yìí nínú sẹ́ẹ̀lì wọn ló wà lọ́wọ́ Ìyá Eku. Ní àràárọ̀, á gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìka kan tọ́ abẹ́ àgbọ̀n wọn, á tọ́ abíyá, á tọ́ ìdí itan. Kókó tó bá ti tó hóró ẹ̀wà, ìka rẹ̀ á dúró lórí rẹ̀, á sì pe àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má bínú, òun náà kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo, onígbàjámọ̀ ni. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè máa lọ. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ irun gígẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn kan máa ń ti òpin ìlú wá bá a. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi, àga méjì àti dígí kan tó ti là létí. Bó bá ń gẹ irun, ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé ọmọ tó ń ké á sùn sórí àga náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni pé kí àbúrò òun di nọ́ọ̀sì. Àbúrò náà gbìyànjú rẹ̀, kò wọlé. Ó tún un ṣe, kò wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ eku yọjú, ó gbà á. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan nígbà náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí káfíńtà ṣí ilé iṣẹ́ tuntun ló jáde. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ pé síbẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, onígbàjámọ̀ náà sì ń dá wọn lẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Ó na ìka sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ẹ má fojú kéré ìyàwó yín o. Orí àwọn èèyàn ni mo fi rán an níwèé, pé kó lè di nọ́ọ̀sì. Ó ṣe títí, ó lọ di ìyá àgbà fún eku!"

Ẹ̀rín ta. Ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé ẹ̀rín ìyẹn gan-an ló gún un lọ́kàn jù.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀," ni ó dáhùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fá orí ayé bọ̀ láti ọjọ́ yìí, kí lẹ fi gbà, yàtọ̀ sí irun ẹlẹ́gbin tẹ́ ẹ̀ ń gbá dànù?"

Ẹyin lohùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó kí káfíńtà kú oríire, ó sì bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. "Ìwọ ni àbúrò," á ní. "Orúnkún rẹ ò ní ṣẹ́ tó o bá kúnlẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Ìwọ kọ́. Ṣé ibẹ̀ la máa wà wàyí?"

"Bó bá fẹ́ kí n wá, kó ránṣẹ́ pè mí."

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Bí ọdún ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń le sí i, bí ohun tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Ìgbà tó yá, ọmọ onígbàjámọ̀ fẹ́ lọ́kọ. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá bẹ àǹtí rẹ̀ pé kó má ṣàìwá. Ìyá Eku lọ, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi tí kò ti ní fojú kan ẹnikẹ́ni. Iwájú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó wọ kóòtù dúdú, ó de táì. Táì náà ò bá a lára mu. Ó ń fi ìka fà á, ó ń tú bọ́tìnnì ọrùn, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó yí i sí ọ̀tún, Ìyá Eku rí i. Lábẹ́ etí òsì, nǹkan kan yọ síta tó ẹyin ẹyẹlé. Kò pọ́n, kò sì jọ pé ó ń dùn ún, torí ó ń fi ọwọ́ rà á láìmọ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀.

Ìka ọwọ́ Ìyá Eku gbéra fúnra wọn lórí itan rẹ̀.

Àfi bí ẹni pé wọ́n pe ọkùnrin náà, ó gbójú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin. Ó rí ibi tí àbúrò rẹ̀ ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí kókó náà, ó sì ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó béèrè nǹkan tó ń retí èsì.

Ìyá Eku yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú ife rẹ̀, ó mu omi, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀fun ló ń dùn ún. Ó ní bóyá eyín ni. Ó ní ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn náà lójú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ ibẹ̀: bó bá fẹ́ kí n wò ó, kó wá bá mi. Kò sì dìde.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, káfíńtà béèrè pé, "Ṣé o kí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mo juwọ́ sí i," ló wí. Irọ́ ni.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀gá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti rí oògùn kan tí wọ́n rò pé ó lè ṣe iṣẹ́ búréèkì tó já yẹn, kó máa dá purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì burúkú ń ṣe jọ dúró. Wọ́n ń fún àwọn eku kan, wọn kì í fún àwọn mìíràn. Ìyá Eku ló ń gbé wọn, tó ń wọ̀n wọ́n, tó ń tọ́ kókó wọn wò. Nígbà mìíràn, bí ìka rẹ̀ bá dúró sórí kókó kan, ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá sí i lọ́kàn. Á ní lópin ọ̀sẹ̀ yìí òun á lọ. Òpin ọ̀sẹ̀ á dé, á ní ó di èyí tó ń bọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá pè é lórí fóònù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Bọ̀dá yín ò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Bí wọ́n bá sùn, aṣọ ibùsùn á tutù rinrin bí ẹni da omi sí i. Ṣòkòtò wọn ò dúró nídìí wọn mọ́, wọ́n sì ní kí n má pe yín."

Kò bọ́ kóòtù iṣẹ́ tó fi sáré jáde. Nígbà tó dé, ó bá ọkùnrin náà lórí àga onítìmùtìmù, ó ti rù hangogo, aṣọ òtútù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn. Ìyá Eku kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Dìde," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ilẹ̀ yẹn tutù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá."

"Mo ní kó o dìde. Ta ló tún ń bínú?"

Ó dìde, ó tú aṣọ ọrùn náà, ó sì fi ọwọ́ lásán kàn án. Kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Wọ́n tò léra láti ẹ̀yìn etí dé egungun èjìká, wọ́n le bí ẹ̀kúrọ́. Ó tọ́ abíyá, ó bá a níbẹ̀. Ó ní kí ìyàwó wọn lọ wá ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀ kò fi bò. Ó ní jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara ni, ó sì ti kúrò ní ọrùn nìkan, ó ti dé inú ikùn. Ó ní ó ní oògùn, àwọn kan sì ń rí ìwòsàn gbà, ṣùgbọ́n yóò gba oògùn tó le, yóò sì pẹ́.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?" ló béèrè.

"Ó ti wà kí ọmọ mi tó lọ sílé ọkọ."

Dókítà mi orí. "Ká ní ìgbà náà lẹ wá ni, à bá má lo oògùn tó le tó báyìí."

Ilẹ̀ ni Ìyá Eku ń wò. Táìlì kan ti sán níbẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí dókítà fi jáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ariwo ayọ̀ sọ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kókó àwọn eku tó gba oògùn ti ń rọ̀. Àwọn kan wà tí ìka ò tilẹ̀ rí tiwọn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń di mọ́ ara wọn, wọ́n ra ohun mímu. Ìyá Eku kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ọ̀gá, oògùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó sì jókòó tì í, kì í ṣe ní òdìkejì tábìlì.

"Bí mo bá lè fún un, màá fún un," ló wí. "Ṣé o rántí àwọn eku tá a fún jù, tí wọn ò jẹun mọ́? Ìwọ náà lo sọ fún mi. Gbogbo ara ló nílò purotéènì, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì burúkú nìkan. A ò tíì mọ èyí tó mọ níwọ̀n fún èèyàn, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún ká tó mọ̀ ọ́n. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá búréèkì ló já lára tiẹ̀. Ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà wọlé pọ̀."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Èyí táwọn dókítà ń fún un yẹn dára. Jẹ́ kó gbà á pé."

Ó sì gbà á. Wọ́n á fi dírípù sí i lápá, á jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, Ìyá Eku á sì jókòó tì í lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Irun rẹ̀ kọ́kọ́ re, irun ojú ló tẹ̀ lé e, ó wá kan ti ipéǹpéjú. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Oògùn yìí mọṣẹ́ jù mí lọ. Kò lo kílípà, kò sì dá àpá sí ẹnikẹ́ni lórí." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dìrọ̀ mọ́ ibùsùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, dírípù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìyàwó rẹ̀ ti lọ ra ọsàn. Ọkùnrin náà la ojú.

"O rántí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ yìí? Mo rí ọ tó ò ń wo ọrùn mi."

Ìyá Eku gbójú sókè wo ìgò dírípù.

"Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni ọkùnrin náà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ìtàn tó dùn mọ́ ọn. "Ìyàwó mi ti ń yọ mí lẹ́nu ṣáájú, ọsibítù, ọsibítù. Nígbà tá a délé, mo sọ fún un pé kó fi mí sílẹ̀. Mo ní àbúrò mi tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wá kókó lọ́rùn eku ti wò ó, kò sọ nǹkan kan. Bí ìjà wa ṣe wù kó le tó, bó bá jẹ́ nǹkan burúkú ni, kò ní dákẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Omi oògùn ń kán nínú okùn náà, tó, tó. Obìnrin náà ì bá lè gbé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà mì. Ì bá lè ní òun ò rí i dáadáa, ọ̀nà jìn. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Mo rí i, Bọ̀dá. Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ dájú. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Inú ló ń bí mi."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri. Obìnrin náà ń sunkún láìpariwo, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Bá mi gbé omi yẹn."

Ó gbé e fún un, ó mu ún, ó dá ife padà. Láti ọjọ́ náà kò tún mẹ́nu kàn án mọ́. Kò ní òun ti dárí jì í, kò sì ní òun ò dárí jì í. Ìyá Eku ì bá fẹ́ kó bú òun. Èébú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.

Oògùn ṣiṣẹ́. Kókó lọ, èyí tó wà nínú ikùn náà lọ, dókítà sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé kó máa lọ sílé, kó kàn máa wá fún àyẹ̀wò. Gbogbo ilé yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà ti ba iṣan ìka rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Kò mọ̀ bóyá òun di bọ́tìnnì àbí òun ò dì í. Wọ́n ní ó lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó dúró dúró, kò padà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ náà. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ jókòó. Kílípà yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé ọkùnrin náà lẹ́yìn etí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sí kọ́là funfun. Olùkọ́ ní kò tó nǹkan, kó máa bá a lọ. Onígbàjámọ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó tọrọ àforíjì, ó yọ kílípà lára iná, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ta fóònù ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí.

"Ẹ̀mí ló ṣe kókó," làwọn èèyàn ń wí fún un. Á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Ìyá Eku máa ń wá bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí káfíńtà kàn síwájú ilé ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dun káfíńtà. Àwọn oníbàárà àtijọ́ máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á fa fìlà wálẹ̀ kó má bàa rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lórí wọn. Àwọn tí kò ní fìlà á yára kí i, wọ́n á sì máa lọ.

"Wo ẹ̀yìn orí ìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí ọ̀kan wọn ti kọjá tán. "Wọ́n ti bà á jẹ́ pátápátá. Apá òsì ga ju ọ̀tún lọ."

Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe láti ibi tó wà, ó sì gbé e padà sórí itan. Ìyá Eku ní òótọ́ ni, apá òsì ga. Kò wo ọwọ́ náà.